Ilẹ̀ gbangba àdúgbò wa ní Àkúrẹ́: òdòdó wo ni ká fi sílẹ̀, ìgbà wo ló sì yẹ ká sán an?

Ìyá Télọ̀ Ọba-Ilé

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn lándílọ́ọ̀dù àdúgbò wa níhà Ọba-Ilé fẹ́ ṣèpàdé ní Sátidé tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbangba wa ni wọ́n sì fẹ́ yanjú níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ewé, tẹ́ ẹ mọ òdòdó, bá mi dá sí i kí n tó lọ. Mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ fún wọn, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ilẹ̀ náà fẹ̀ tó pápá ìṣeré ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ pín àdúgbò ló yọ ọ́ sọ́tọ̀ fún gbogbo wa. Odò kékeré kan gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá. Òrúrù wà níbẹ̀, akòko wà níbẹ̀, igi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ńlá kan náà wà tí àwọn ọmọ máa ń fi èso rẹ̀ gbígbẹ ṣe idà. Ìyókù jẹ́ koríko àti òdòdó tí ẹnikẹ́ni ò gbìn.

Ṣọ́ọ̀bù mi dojú kọ ọ́. Ojú fèrèsé ni ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà, torí náà kò sí ohun tó ń hù níbẹ̀ tí mi ò kì í rí, láti àkọ́rọ̀ títí dé ọyẹ́. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rin ilẹ̀ dáadáa, òdòdó pupa kan máa ń yọ lábẹ́ òrúrù kí koríko tó gbéra rárá. Ó rí roboto, ó ní irun wẹ́wẹ́ yí ká, igi rẹ̀ nìkan ló dúró lé, kò sí ewé kankan lára rẹ̀. Àárín ìgbà yẹn náà ni èsúnsún ń jáde lálẹ́, tí àwọn ọmọ á gbé abọ́ omi sábẹ́ iná. Lẹ́yìn náà ni gòdògbódò máa tàn kálẹ̀ létí odò. Búlúù ara òdòdó rẹ̀, mi ò tíì rí irú rẹ̀ lára aṣọ kankan tí wọ́n gbé wá fún mi rán, àní nínú àdìrẹ pàápàá. Òwúrọ̀ nìkan ló máa ń là. Bí oòrùn bá ti mú, ó ti ká nìyẹn.

Yúnyún ni tirẹ̀ kì í sinmi. Gbogbo ìgbà òjò ni òdòdó yẹ́lò rẹ̀ ń bẹ, labalábá kì í sì í kúrò lórí rẹ̀. Imí eṣú wà lẹ́bàá ọ̀nà. Patanmọ́ wà níbi tí ilẹ̀ ti le, àwọn ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀ kì í kọjá láìfọwọ́ kàn án. Tó bá di oṣù kẹsàn-án, àlùkẹ́rẹsẹ́ á gun ògiri tó ti wó lápá òkè, á bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò. Oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, jogbo á gba ìdajì ilẹ̀ náà, gbogbo rẹ̀ á pọ́n yòò. Àwọn tó wà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá máa ń ní kí wọ́n dúró kí àwọn ya fọ́tò. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọyẹ́ dé, òwú ewé Akíntọ́lá á máa fò wọ ṣọ́ọ̀bù, á lẹ̀ mọ́ léèsì, lékelèke á balẹ̀ sínú koríko gbígbẹ, àwọn ọmọ á máa na ìka sókè sí wọn pé kí wọ́n bun àwọn ní èékánná funfun.

Ohun tí ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe ni pé kí wọ́n fọ́n oògùn apakoríko sí gbogbo rẹ̀, kí katapílà wá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kí wọ́n gbin kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì, kí wọ́n to igi tí wọ́n ń pè ní masquerade yí i ká, kí íntálọ́ọ̀kì sì gba àárín kọjá. Wọ́n ní igbó ni, ó ń dójú ti àdúgbò. Èmi náà fẹ́ kí ibẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ kí ọmọ rí ibi ṣeré, kí àgbàlagbà rí bẹ́ǹṣì jókòó lé. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé kí ilẹ̀ tó mọ́, a gbọ́dọ̀ pa gbogbo ohun tó ń so òdòdó lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ báyìí, ojú kan náà ni yóò máa ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, ọmọ tó bá sì dàgbà síbẹ̀ kò ní mọ̀ pé àkọ́rọ̀ ní òdòdó tirẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú wọn ló yẹ ká dá sí, èwo ló yẹ ká fà tu? Tí a bá máa sán an, ìgbà wo ni ká sán an kí òdòdó lè padà wá? Kí sì ni mo lè sọ fún àwọn tó ń pè é ní ìdọ̀tí?

Tíṣà Àgíríìkì, Oǹdó

Ìyá Télọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ni mo fi kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìntì. Inú mi dùn sí bí ẹ ṣe to àwọn òdòdó yẹn tẹ̀ lé ara wọn, nítorí ìtòtẹ̀léra yẹn gan-an ni ìdáhùn ìbéèrè yín. Ilẹ̀ tí a bá sán lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó bá wà lójú òdòdó lọ́jọ́ náà ni a pa. Tí a bá ń sán an lápá lápá, kálukú á ráyè so kó sì já èso.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí kò ní dùn létí yín. Jogbo tó pọ́n yòò yẹn kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Mẹ́síkò àti àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé gbè é ló ti wá, ẹwà rẹ̀ ni wọ́n torí rẹ̀ kó o kiri ayé. Ní báyìí, ẹ wo ojú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, tàbí tèyí tó wá sọ́dọ̀ wa ní Oǹdó, òun ló gba etí títì. Ó ń ga ju èèyàn lọ, kò sì sí ohun kékeré tó lè rí oòrùn lábẹ́ rẹ̀. Akíntọ́lá, tí àwọn míì ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, ilẹ̀ Amẹ́ríkà lòun náà ti wá. Àwọn ọdún 1930 ló dé Nàìjíríà, àwọn onímọ̀ igbó sì gbà pé àárín irúgbìn igi gmelina ló bá wọlé. Òwú rẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ léèsì yín, irúgbìn ló gbé dání. Igi rẹ̀ gbígbẹ sì ń gbaná kíákíá nígbà ẹ̀rùn.

Àwọn méjì yìí ni kí ẹ bá jà. Gígé lásán ò tó, nítorí kùkùté wọn máa ń rúwé padà. Ẹ fà wọ́n tu nígbà tí ilẹ̀ bá ṣì rọ̀, kí wọ́n tó já èso. Ewé jogbo tútù tí ẹ bá kó jọ, ẹ má jó o, ajílẹ̀ tó dára ni, nitrogen, phosphorus àti potassium wà nínú rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sí ìdí àwọn igi.

Imí eṣú, ewé tí wọ́n ń pè ní ìgbálódé àti patanmọ́, àlejò láti Amẹ́ríkà ni wọ́n náà. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ pàápàá, erékùṣù Madagascar ni ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í gba ilẹ̀ mọ́ ẹlòmíì lọ́wọ́ bíi ti jogbo, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa gbé. Yúnyún, òrúrù, akòko, ọmọ ilé ni wọ́n, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àdá kàn wọ́n láìnídìí. Gòdògbódò àti àlùkẹ́rẹsẹ́ náà rí bẹ́ẹ̀.

Òdòdó pupa aláìléwé yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí jù ní ìpàdé. Scadoxus multiflorus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé, ó ní iṣu bí àlùbọ́sà. Òdòdó rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jáde, ewé rẹ̀ á wá tẹ̀ lé e, ewé yẹn ló sì ń wá oúnjẹ pa mọ́ sínú iṣu náà títí òjò fi máa parí. Tí wọ́n bá sán ewé náà nígbà tó ṣì tutù, òdòdó ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n gé yẹn. Tí katapílà bá kọjá lórí rẹ̀, ó tán. Nítorí náà, abẹ́ òrúrù, kí ẹnikẹ́ni má sán ibẹ̀ títí ewé á fi pọ́n fúnra rẹ̀.

Etí ọ̀nà àti ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré, ẹ máa sán ibẹ̀ déédéé, kó mọ́ kedere. Àárín ilẹ̀, ẹ sán an nínú ọ̀gbẹlẹ̀ oṣù kẹjọ, òjò oṣù kẹsàn-án á jí i dìde pẹ̀lú òdòdó tuntun. Etí odò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ti tó, lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan bá ti já èso, ní nǹkan bí oṣù kìíní. Kó má sì jẹ́ gbogbo rẹ̀: ìdajì lọ́dún yìí, ìdajì tó kù lọ́dún tó ń bọ̀, kí kòkòrò tó ń sùn nínú igi koríko gbígbẹ má pàdánù ilé. Gbòǹgbò tó wà níbẹ̀ ló ń di etí odò mú. Òjò tó ń rọ̀ ní Àkúrẹ́ lọ́dún kan lé ní 1,300 mílímítà, ẹ̀yin náà sì mọ bí omi ṣe ń ṣe létí Odò Àlá nígbà tó bá bínú.

Ní ti oògùn apakoríko, ẹ béèrè irú èyí tí wọ́n fẹ́ rà. NAFDAC ti fòfin de paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024. Ẹni tó bá ṣèèṣì mu ún, kò sí oògùn tó ń pa oró rẹ̀. Èyíkéyìí tí wọ́n bá sì fọ́n sórí ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀ sódò, òjò á gbé e wọ odò.

Ẹni tó bá ní ìdọ̀tí ni, ẹ bi í bóyá ó ní oko kòkó. Ìpínlẹ̀ tó ń fi kòkó yangàn ni tiwa. Eṣinṣin tín-ín-tìn-ìn-tín kan ló ń gbé àtíkè òdòdó kòkó láti igi kan dé èkejì, inú ewé jíjẹrà àti kùkùté ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń rà ló sì ń pa ọmọ sí. Oko tí wọ́n gbá mọ́ tónítóní, èso rẹ̀ lè dín kù.

Olóyin Ìdànrè

Bàbá Tíṣà, mo dọ̀bálẹ̀ o. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ló yé mi, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n gbẹnu sọ fún àwọn oyin mi. Abẹ́ òkè níhìn-ín ni àwọn àpótí mi wà. Láti oṣù kọkànlá dé ìkíní, nígbà tí òjò àrọ̀kúrò bá ti lọ, jogbo àti Akíntọ́lá ni oyin ń rí jẹ jù. Oyin tí mò ń kó ní oṣù kejì sí ìkẹta, ọwọ́ àwọn méjèèjì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Tí gbogbo àdúgbò bá fà wọ́n tu lọ́dún kan ṣoṣo láìsí arọ́pò, ebi ló máa pa oyin.

Àbá mi rèé fún Ìyá Télọ̀: ẹ fà á tu díẹ̀díẹ̀, bóyá ìdá kan nínú mẹ́ta lọ́dún, ẹ sì jẹ́ kí yúnyún àti àlùkẹ́rẹsẹ́ kọ́kọ́ gba ibi tó ṣófo kí ẹ tó kọjú sí apá mìíràn. Jogbo tó bá kù, ẹ jẹ́ kó tanná. Ìgbà tí ewé òdòdó rẹ̀ bá ń rẹ̀, tí orí rẹ̀ ò tíì gbẹ, ìgbà yẹn ni kí ẹ bẹ́ ẹ. Oyin ti jẹun, irúgbìn ò sì tíì gbó. Ó gba kí èèyàn máa ṣọ́ ọ, àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ̀rọ yín wà lójú fèrèsé, ta ló tún máa ṣọ́ ọ jù yín lọ?

Ohun kan ṣoṣo tí mo fi ń bẹ̀ yín ni pé kí wọ́n má fọ́n ohunkóhun nígbà tí òdòdó bá là. Oyin tó bá gbé e délé, gbogbo agbo ló gbé e bá.

Bàbá Ìbejì, Ìjọ̀kà

Mo ka gbogbo rẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ òdòdó, ejò ńkọ́? Ládùúgbò tiwa, irú ilẹ̀ báyìí ni paramọ́lẹ̀ ti jáde wọ kíṣíìnì ẹnìkan. Ẹ̀fọn náà wà níbẹ̀. Lálẹ́, ẹni burúkú lè sá pamọ́ síbẹ̀. Èmi bàbá ọmọ, mi ò lè fi ọmọ mi ṣe ìdánwò nítorí labalábá. Mo bọ̀wọ̀ fún yín o, mà, ṣùgbọ́n ẹ ní láti dáhùn èyí ní ìpàdé, nítorí wọ́n máa béèrè.

Lẹ́kulẹ́ja Erékèsán

Ìyá Télọ̀ mi, Ọlọ́run á bá yín ṣe é. Èmi ń tajà ní Ọjà Ọba, ewé ni mo jogún lọ́wọ́ ìyá mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀yìn ilé ni a ti ń já èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń tà lónìí. Ní báyìí, àwọn tó ń bá mi já a máa ń rìn jìnnà, ewé tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ti wá dohun tí a ń fowó ọkọ̀ wá. Wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì bo gbogbo ibi tó ń hù. Kí ẹ sọ ìyẹn fún wọn. Yúnyún tí wọ́n ń pè ní igbó, ọmọ tó bá fi bíléèdì gé ọwọ́, òun la ń fún sí i kí ẹ̀jẹ̀ dá. Ọgbẹ́ tó bá jìn, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, mo máa ń sọ fún oníbàárà mi bẹ́ẹ̀.

Nípa akòko, ṣé masquerade ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ọgbà? Ẹ ní kí wọ́n fi akòko ṣe é. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bá ti dúró dáadáa, ó ń yè. Ó ń so òdòdó aláwọ̀ àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́, ó lẹ́wà ju igi tí wọ́n fẹ́ gbìn yẹn lọ fíìfíì. Ìlú Déjì la wà. Ta ló fẹ́ joyè láì já ewé akòko lé e lórí? Tí ìdílé kan bá fẹ́ joyè ládùúgbò yín, wọn ò ní máa wá a kiri mọ́.

Ìkìlọ̀ kan. Ìtàkùn kan wà tó máa ń hù nínú òjò, òdòdó rẹ̀ pupa pọ̀ mọ́ yẹ́lò, ewé òdòdó náà á ká sókè, ṣóńṣó orí ewé rẹ̀ ló fi ń so mọ́ igi. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ wa ìdí rẹ̀. Ó jọ iṣu kékeré, májèlé ni.

Tíṣà Àgíríìkì, Oǹdó

Òótọ́ ni ìyá wa sọ. Gloriosa superba ni ìtàkùn yẹn, májèlé wà lára rẹ̀ láti gbòǹgbò dé òdòdó, ìdí rẹ̀ ló sì le jù. Níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré, kí ẹ wú u kúrò tìdí tìdí.

Olóyin, mo gba ti ìdá mẹ́ta. Ó dára ju tèmi lọ.

Bàbá Ìbejì, ẹ̀rù tó ń bà yín tọ́. Ẹ̀fọn kì í pa ọmọ sínú òdòdó. Omi tó dúró sójú kan ló ń wá: táyà, agolo, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, gọ́tà tó dí. Bí wọ́n bá fẹ́ dín ẹ̀fọn kù, ìyẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ kó. Ejò, eku ló ń lé wá, eku sì ń bá ìdọ̀tí ilé ìdáná tí àwọn aráàdúgbò ń dà síbẹ̀ lóru. Kí wọ́n fòpin sí ìyẹn. Kí wọ́n sì sán mítà méjì sí mẹ́ta mọ́lẹ̀ láàárín òdòdó àti ọ̀nà, kí ó mọ́ débi pé ohun tó bá ń rákò kọjá, èèyàn á rí i. Ibi tí koríko bá ti ga, kó jìnnà sí ògiri ilé àwọn èèyàn. Iná sólà kan tàbí méjì á yanjú ti òru. Gbogbo èyí kò ná wọn ní ìdá kékeré nínú owó katapílà.

Ìyá Télọ̀ Ọba-Ilé

Bàbá mi, ẹ ṣeun. Olóyin, ìyá wa Erékèsán, Bàbá Ìbejì, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ ò mọ bí ẹ ṣe gbé mi ró tó. Ọ̀rọ̀ jogbo dùn mí díẹ̀, mi ò parọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà á, mo gbójú sókè wo ilẹ̀ náà, mo rí i pé ibi tí jogbo bá ti gbà, yúnyún ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo gba ti ìdá mẹ́ta.

Akòko nìkan ló ti tó láti fi bá àwọn àgbà ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, méjì nínú wọn olóyè ni. Èmi náà máa gbẹ́nu lé ti ìdọ̀tí tí wọ́n ń dà sódò lóru, bí wọ́n tilẹ̀ máa bínú sí mi, torí a mọ àwọn tó ń dà á.

Ó ku ìbéèrè kan. Tí wọ́n bá ṣorí kunkun tí wọ́n ní àwọn máa tẹ́ apá kan dandan, báwo ni mo ṣe lè gbé díẹ̀ nínú àwọn òdòdó náà kúrò kí katapílà tó dé? Mo ní àyè díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù.

Tíṣà Àgíríìkì, Oǹdó

Yúnyún rọrùn. Orí òdòdó tó bá ti gbẹ tó dúdú, ẹ rẹ́ ẹ sínú àpò bébà, má ṣe lo ọ̀rá, á bu. Àlùkẹ́rẹsẹ́, ẹ dúró kí èso rẹ̀ gbẹ kí ẹ tó ká a, irúgbìn tó wà nínú rẹ̀ le, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú kí ẹ tó gbìn ín. Gòdògbódò ò tiẹ̀ nílò irúgbìn, ẹ gé ìtàkùn rẹ̀, ẹ jù ú sórí ilẹ̀ tútù, ó máa wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Òdòdó pupa abẹ́ òrúrù ni kí ẹ má kánjú lé. Ẹ fi igi sàmì sí ibi tí ewé rẹ̀ wà báyìí, nígbà tí ewé bá gbẹ tán, ẹ wa jìnnà sí ìdí rẹ̀, ẹ gbé e pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀, ẹ sì tún un rì sí abẹ́ ìbòji.

Kí ẹ tó kúrò ní ìpàdé, ẹ bi wọ́n pé ta ni wọ́n máa gbé iṣẹ́ sísán fún. Ẹ má parí rẹ̀ sórí ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́. Ẹ fúnra yín mú ẹni tó ni àdá yẹn lọ sórí ilẹ̀, ẹ rìn ín yí ká pẹ̀lú rẹ̀, ẹ fi okùn pupa so ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé, ẹ sì fún un ní omi mu. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n bá dá sí lórí ilẹ̀ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ló máa wà.